Ohun Tí Mọrẹ́nikẹ́ Fi Pa Ọba Ọ̀dà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ariwo fóònù yẹn rọlẹ̀ díẹ̀. Inú kò bí mi sí i. Ohùn mi ni kò ga tó tirẹ̀ mọ́. Èyí tí mo fi ojú mi rí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, n óò sọ pé mo rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, n óò sọ pé wọ́n sọ fún mi ni. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ní "bóyá", ẹ má bá mi yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ilé ìlagi la ti ń ṣiṣẹ́ ní Ore, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Akínṣọlá. Ìyá kan náà ló bí wa, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dàgbà ni, nítorí náà kí ó má yà yín lẹ́nu pé mo ń pè é ní "ó". Gbogbo àwọn yòókù, "ẹ" ni wọ́n ń bá a sọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú.

Láti Odigbo níbí la ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ láràárọ̀. Ibi tí ilé ìlagi yẹn wà ti di ilé epo báyìí. Bí ẹ bá ń kọjá níbẹ̀, òórùn bẹntiróòlù ni ẹ máa gbọ́. Nígbà tiwa, òórùn pákó tútù ni. Ayùn ńlá náà a máa ké láti òwúrọ̀, igbe rẹ̀ a wọ eyín lọ, débi pé bí ó bá dákẹ́ lójijì, ẹni tó ń sùn nítòsí a ta jí. Kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ó gé ìka ọ̀gá wa, ó gé àtàǹpàkò ọkùnrin ará Ago Alaye kan tó jókòó tì mí, a sì gbá lẹ́búlẹ́bú pákó bo ẹ̀jẹ̀ náà kí iṣẹ́ lè máa lọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó a máa mu ẹ̀jẹ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Ẹ̀rún igi kan fò láti ẹnu ayùn yẹn wọ ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi, ojú náà sì fọ́. Àwọn àgbà ní igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi tó ń jáde lẹ́nu ayùn kì í fún ènìyàn ní òkèèrè tí yóò ti wò ó.

Bí a ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ tó, òǹkàwé ni wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n bá ti pa ayùn, a ó jókòó sórí gẹdú, a ó sì mú ìwé jáde. Àwọn awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n a dara pọ̀ mọ́ wa. Ìyá Bọ́lá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, a gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja wá. Ẹnì kan a máa kà sókè, àwọn yòókù a máa fi ìka tẹ̀lé e nínú ìwé tiwọn. Tó bá di Iléyá, Sùnmọ́nù awakọ̀ a gbé ẹran wá fún gbogbo wa. Tó bá di Kérésìmesì, ẹ̀gbọ́n mi a pa adìyẹ. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé ẹran ọdún ta nìyí.

Ìwé tí a fẹ́ràn jù ni Ìlú Abẹ́ Ọ̀dà. N óò sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, nítorí láìsí ìyẹn, ìyókù ọ̀rọ̀ mi kò ní yé yín. Mọrẹ́nikẹ́ ni orúkọ obìnrin inú rẹ̀. Àgbẹ̀ ni. Oko rẹ̀ wà lẹ́bàá adágún ọ̀dà dúdú, irú ọ̀dà tó ń sun láti inú ilẹ̀ ní Agbabu títí di òní, tí ìjọba kan ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, tí wọ́n ń sọ pé àwọn máa wà á jáde. Lọ́jọ́ kan, Ọba Ọ̀dà na ọwọ́ dúdú jáde láti inú adágún, ó sì fa ọkọ Mọrẹ́nikẹ́ wọlẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ mú ọkọ́ tó fi ń kọ ebè, ó bẹ́ tẹ̀lé wọn. Ní ẹnubodè ìlú ìsàlẹ̀, ó bá ẹ̀ṣọ́ jà, ó gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi gún un títí irin ọ̀kọ̀ náà fi jáde lẹ́yìn. Àwọn ará ìlú náà, àtẹ́lẹwọ́ ni ẹnu wọn wà. Bí ẹnì kan bá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ti di oúnjẹ. Mọrẹ́nikẹ́ gé ọwọ́ wọn ní méjìméjì, àwọn ọwọ́ náà sì ń yán lórí ilẹ̀. Nígbà tó fi máa rí ọkọ rẹ̀, Ọba Ọ̀dà ti sọ ọ́ di òkìtì ọ̀dà gbígbẹ, tó le bí òkúta, tí kò lè fọhùn, tí kò lè mira. Mọrẹ́nikẹ́ gbé e rù. Bí ó ṣe ń jà ló ń gbé e, bí ó ṣe ń sá ló ń gbé e, títí ó fi fi ọkọ̀ ojú omi sọdá sí ààfin. Níbẹ̀ ló ti pa Ọba Ọ̀dà. Ní orí tó kẹ́yìn, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó ní oko wọn, wọ́n ń jẹun. Bí ọkọ náà ṣe padà di ènìyàn, ìwé kò sọ. A ti jiyàn lórí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n iyàn tẹ̀rín-tọ̀yàyà ni.

Ìwé yẹn ni mo ń kó jọ. Ẹ̀dà kan kò tó mi. Gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ rí ni mo ń wá, bí ọdẹ ṣe ń wá ẹran. Àwọn tó pẹ́ nínú wọn, "aiye" ni wọ́n kọ, wọn kò kọ "ayé". "Enia" ni, "nwọn" ni, kò sì sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kankan. Mo fẹ́ràn òórùn wọn, òórùn àpótí tí aṣọ bàbá ẹni wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn orúkọ àwọn tó ti ni wọ́n rí, tí wọ́n kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́, àti ibi tí ẹnì kan fi ìka olóbì tẹ̀, àti ibi tí omijé tàbí ọbẹ̀ kán sí. Èwo nínú méjèèjì ni, n kò lè sọ.

Ní ìkóríta Ore ni mo ti ń rí wọn. Ẹ mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin tí kì í dúró kí èrò jẹun. Bí wọ́n bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, èmi kì í wo ẹsẹ̀ wọn, n kì í wo ẹrù wọn. Abẹ́ abíyá ni mò ń wò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo nìyẹn?" Àwọn kan rò pé olè ni mí. Ọmọ gáréèjì kan tilẹ̀ gbá mi létí kí ó tó béèrè ohun tí mo ń ṣe. Nígbà kan, mo ra àkàrà, mo rí i pé ojú ewé Ìlú Abẹ́ Ọ̀dà ni wọ́n fi dì í. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún fi ojú ewé mìíràn dì í. Mo jẹ àkàrà títí inú mi fi ṣe bí ìlù. Ìyá alákàrà ní ọmọ àárọ̀ yìí fẹ́ràn òun ni. N kò já a ní irọ́. Epo ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ́ lára àwọn ewé náà, ṣùgbọ́n mo rí orí kan kó jọ.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ló ní àwòrán. Àwọn tó tẹ̀lé e kò ní, bóyá nítorí pé àwòrán wọ́n láti tẹ̀. Mo ti ní ọ̀kan rí, nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ìyá wa. Aládùúrà tọkàntọkàn ni ìyá wa. Wọ́n ti ìsọ́ òru dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn rí ọwọ́ dúdú lábẹ́ ibùsùn mi. Ohun tí wọ́n rí nínú àdúrà, n kò sí níbẹ̀, n kò lè sọ pé wọn kò rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ dúdú wà lábẹ́ ibùsùn mi lóòótọ́, nítorí pé àwòrán rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìwé náà. Wọ́n fi pàṣán nà mí títí ẹ̀yìn mi fi là, wọ́n sì ti ìwé náà sínú iná lábẹ́ àgbá tí wọ́n fi ń se epo. Mo dúró, mo ń wò ó. Ọ̀dà tí wọ́n yà síbẹ̀ ń hó bí ọ̀dà gidi. N kò tíì kà á dé ibi ìjà ìkẹyìn. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Wàyí o, gbólóhùn kan wà ní ibi ìjà ìkẹyìn yẹn. Bí ó ṣe wà nínú gbogbo ìwé tí a ní lọ́wọ́ nìyí: "Morẹnikẹ si gbe ọkọ na, o si fi pa a."

Kò sí àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Àwa tí a sọ èdè yìí láti inú ìyá wa, a kò mọ bí a ṣe máa pè é.

Ní Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi ló ń kà. Ó kà á bí ó ti máa ń kà á: "Mọrẹ́nikẹ́ sì gbé ọkọ́ náà."

Sùnmọ́nù ti ń bá wa ṣọdún, ṣùgbọ́n kò tíì sí níbẹ̀ rí nígbà tí a bá ń ka ìjà ìkẹyìn. Awakọ̀ lọ́rì ni, ọmọ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà."

"Kí ló ṣe ibẹ̀?"

"Ọ̀kọ̀ ni, Bọ̀dá. Ọ̀kọ̀ tó gbà lẹ́nubodè. Ta ló ń fi ọkọ́ pa ọba?"

"Àgbẹ̀ ni. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ló fi ń pa ejò."

"Háà, ẹ̀yin Ìkálẹ̀. Bí wọ́n bá bí yín tán, ọkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n tó fún yín lọ́mú."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ mọ ọ̀kọ̀. Níbo lo ti rí i? Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

Awakọ̀ mìíràn tó ti ń jẹun láti àárọ̀ ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́. Ọkọ̀ ni. Lọ́rì ni Mọrẹ́nikẹ́ gbé, ó sì fi tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ti rí ọjọ́ iwájú."

Ìyá Bọ́lá tó ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní, "Ọkọ ni. Kí ló tún ń pa ènìyàn ju ọkọ lọ?"

A rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jábọ́ lórí gẹdú. Lẹ́yìn náà a padà sórí iyàn wa. Kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó tún ronú nípa ohun tí ó sọ, èmi náà kò ronú nípa rẹ̀.

Iyàn yẹn kò tán ní Sátidé yẹn. A bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìhà ọkọ́ àti ìhà ọ̀kọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn tíṣà, gbogbo wọn la bi. Ẹni tó bá gba ti ọkọ́, àwọn awakọ̀ kì í gbé e sí iwájú ọkọ̀ mọ́. Ìjà ló dé lorin dòwe. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣeré tẹ́lẹ̀, a wá ń gbọ́ èébú nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn sì ń sọ ohun kan náà: bí ẹnì kan bá lè rí èyí tó láwòrán, ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ tí ó bàjẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ́ wá láti oko, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn aláìgbọ́n pé ọkọ́ ń pa nǹkan. Ó gbé ìbẹ́pẹ ńlá kan sórí kùkùté, ó gbé ọkọ́ sókè, ó sì fi là á dé ìdí. Omi pupa rẹ̀ ta sí wa lójú. Ìhà wa hó. Sùnmọ́nù gbé ìbẹ́pẹ mìíràn síbẹ̀. Ó mú ọ̀pá onírin tí a fi ń yí gẹdú, èyí tó ní ìkọ́ lẹ́nu, ó fi gún un, ó sì gbé e sókè bí orí ènìyàn. Ìhà tiwọn náà hó.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìbẹ́pẹ ni. Kò lójú, kò lè yẹ̀."

Sùnmọ́nù ní, "Òótọ́ ni, ìbẹ́pẹ kì í jà. Ìwọ wá dúró."

Ìwọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Láti ọjọ́ tí Sùnmọ́nù ti mọ ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ọjọ́ tí kò pè é ní "ẹ̀yin". Mo wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀, mo rí i pé gbogbo wọn ló gbọ́. Ìyá Bọ́lá ju abọ́ sílẹ̀, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ lù. N kò ní tìtorí pé ọmọ ìyá mi ni kí n sọ ohun mìíràn. Ó sọ ọkọ́ náà láti òkè, ó bá Sùnmọ́nù ní eegun èjìká. Mo gbọ́ bí ó ti kán, ó dún bí ẹ̀ka igi kòkó tó ti gbẹ. Sùnmọ́nù ké, ó ṣubú, ọ̀pá náà sì fò sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ìkọ́ ẹnu rẹ̀ wọ ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ojú kan ṣoṣo tó kù.

Wọ́n ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. N kò mọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ó ti ń ṣubú kí ìkọ́ náà tó kan ojú. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì di ọ̀pá náà mú. Méjèèjì ni mo rí. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan fún yín tí kò sọ èkejì, ìdajì ló sọ.

Lẹ́yìn náà, n kò lè to ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn awakọ̀ bọ́ sí wa lára, àwa náà bọ́ sí wọn lára. Pákó ni a fi ń jà, pákó tí a fi ọwọ́ ara wa là. Ẹnì kan gbá mi lẹ́nu, eyín iwájú mi tí ẹ ń bi mí nípa rẹ̀, ibẹ̀ ni mo fi sí. Mo rí ọkùnrin kan tó ń tẹ orí ẹlòmíràn mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó títí ẹsẹ̀ onítọ̀hún fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn méjèèjì sì ti jọ jẹ ẹran Iléyá nínú abọ́ kan. Àwọn àgbà ọjà ló wá là wá, wọ́n ń pariwo pé bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ìwé wà káàkiri ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti lẹ àwọn ewé wọn pọ̀. Ìyá Bọ́lá jókòó sílẹ̀, orí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi gèlè di ojú náà. Kò sunkún. Ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dí ihò ìkòkò.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ojú náà ti lọ. Èjìká Sùnmọ́nù náà kò tọ́ mọ́. A kò jókòó kàwé mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó ìwé wọn wá fún mi. Wọ́n á wá sí Odigbo, wọ́n á gbé Ìlú Abẹ́ Ọ̀dà sórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀ mi láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń dá ohun tó jí padà. Mo wá ní ẹ̀dà tó kún àpótí, mo sì ti ń wá wọn láti ìgbà èwe mi. Inú mi kò dùn sí ọ̀kankan nínú wọn. Kò sí èyí tó láwòrán.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú bí mo ṣe rò. Ìyá Bọ́lá ló ń mú un rìn. Ó fi ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, wọ́n a lọ sí oko, wọ́n a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin náà ló ń gbé gbogbo ẹrù ilé náà. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè, bí mo bá ti Ore dé: "Ṣé o ti rí èyí tó láwòrán?"

"Rárá, n kò tíì rí i."

"Máa wá a. Ojú mi ni mo fi rà á. Ó yẹ kí n mọ ohun tí mo rà."

Wọ́n sọ fún mi pé Sùnmọ́nù náà ń wá a, ní gbogbo gáréèjì tó bá dé. N kò gbà á gbọ́ títí ọjọ́ kan tí mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Ore, tí mo na ọwọ́ sí ìwé kan, tí ọwọ́ mìíràn náà sì nà sí i. Mo gbé ojú sókè. Òun ni. Èjìká rẹ̀ kan ti wọ́ sílẹ̀. A wo ara wa. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ wò ó." Mo ṣí i, kò láwòrán. Mo mi orí. Ó mi orí. A lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń fò kọjá yìí. Ilé ìlagi wó. Ẹ̀yin dé pẹ̀lú fóònù yín. Ọ̀kan nínú yín sọ fún mi pé kò sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀, mo ní kó bá mi wá Ìlú Abẹ́ Ọ̀dà. Ó wá a títí, ó ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní bóyá.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí, a jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án, ọ̀kadà kan dúró. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ti di arúgbó, ó di nǹkan mọ́ àyà nínú ọ̀rá. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán níbí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò rí i, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn náà: Sùnmọ́nù ni. Ó dìde. Ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó lè dìde, ó ti fi í lu ibi tí ohùn náà ti wá, ó bá Sùnmọ́nù ní èjìká burúkú yẹn. Sùnmọ́nù kò sá. Ẹ̀gbọ́n mi tún fi lù ú, ó bá a lórí, fìlà já bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sí ojú rẹ̀. Sùnmọ́nù kúnlẹ̀, ó tẹ̀ bo ohun tó dì mọ́ra.

Ó ní, "Ẹ nà mí, Bọ̀dá. Ẹ má na ìwé."

Ọ̀pá náà dúró sókè.

"Ìwé wo?"

"Èyí tó láwòrán. Ní Òkìtìpupa ni mo ti rí i, ní ilé opó kan."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọ̀pá náà lélẹ̀. "Kí ni Mọrẹ́nikẹ́ gbé lọ́wọ́?"

"N kò tíì ṣí i dé ibẹ̀. Mo ní kó ṣojú yín." Ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú ara rẹ̀. "Kó ṣẹlẹ̀ níwájú yín ni mo fẹ́ sọ, Bọ̀dá."

Bóyá òótọ́ ló sọ, mo wò ó fúnra mi. Àwọn ewé tó kẹ́yìn ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lẹ̀. Ọ̀bẹ ni mo fi là wọ́n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nítorí náà mo gbà á gbọ́. Mo ṣí i, mo wò ó. Sùnmọ́nù na ọrùn wò ó, ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ kán sí etí ewé náà. Ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì pa dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ sọ̀rọ̀. Ọkọ́ ni àbí ọ̀kọ̀?"

Mo ṣì ń tẹjú mọ́ ọn. Nínú àwòrán náà, ọkọ́ ti kán, ọ̀kọ̀ náà ti kán, wọ́n wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Mọrẹ́nikẹ́. Ohun tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé sókè dúdú, ó tóbi bí gẹdú, ó sì ní ojú ènìyàn. Orí Ọba Ọ̀dà ti fọ́ lábẹ́ rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ń ta káàkiri. Níbi tí ohun dúdú náà ti kọ lu orí náà, ó ti là, ọwọ́ ènìyàn kan sì ń ti inú rẹ̀ jáde, ó ń wá nǹkan tí yóò dìmú.

Ìyá Bọ́lá ti ilé jáde, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a fẹ́ kà níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ọkọ ni," ó ní.

Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ bí ó ṣe pè é. Ó yí orí sí i.

"Ọkọ rẹ̀?"

"Ọkọ rẹ̀ tó ń gbé kiri. Ó gbé e sókè, ó ń fi í fọ́ orí ọba."

Sùnmọ́nù ti jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Mo ń ronú nípa "gbé" tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí wọn kò kọ "mú". N kò fi búra, ènìyàn lè gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni gbogbo wa lórí gẹdú yẹn, kò sì sí ẹni tó rò ó pé ọkọ lè jẹ́ ohun tí ènìyàn ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó fi ìka tọ́ ojú ewé náà. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ṣé ó wúwo?"

Ìyá Bọ́lá wo àwòrán náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ó wúwo," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gbé e."

Ó pa ìwé náà dé, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Sùnmọ́nù, wọlé, kí n wo orí rẹ." Ó mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó sì mú un wọlé lọ jẹun.